Ẹ̀rọ Tí Kì Í Jẹ Epo Púpọ̀ Nìkan Kò Tó

Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ bọ́ìlà ilé iṣẹ́ (ẹ̀rọ ńlá tó ń jó epo láti fi se omi) wò, kí n sì sọ ibi tí epo ti ń ṣòfò. Bí ẹ bá mú kí ooru èéfín tó ń jáde lára bọ́ìlà fi nǹkan bí 20°C lọ sílẹ̀, epo tó ń jẹ á fi nǹkan bí 1% dín kù. Ẹ má fojú kéré rẹ̀: fún bọ́ìlà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, owó ńlá nìyẹn.

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà mi sábà máa ń bi mí lẹ́yìn náà ni pé, ṣé àwọn ti ṣe tiwọn fún àyíká báyìí? Rárá o, ó kù.

Ní 1865, William Stanley Jevons, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé bí èédú tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni èédú tí gbogbo ìlú ń jó ń pọ̀ sí i. Kí ló fà á? Agbára ti dọ̀pọ̀. Ẹni tí kò lè ra ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀ rà á, ẹni tó ní ẹyọ kan fi òmíràn kún un. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ títí dòní nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lílò tó ń pọ̀ sí i yẹn kì í sábà gbé gbogbo àǹfààní náà lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Lítà bẹntiróò kan kò wúwo tó 1 kg, síbẹ̀ bó bá jó tán, nǹkan bí 2.3 kg kábọ́nì dáyọ́ksáìdì (gáàsì tó ń mú kí ayé máa gbóná) ló ń tú sójú ọ̀run, torí kábọ́nì inú rẹ̀ ń so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Ì báà jẹ́ ẹ́ńjìnnì tuntun tàbí ògbólógbòó ló jó o, iye yẹn ò yí padà. Nítorí náà, àpapọ̀ epo tí ẹ jó lọ́dún ni kí ẹ máa ṣírò, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ṣe ọjà kọ̀ọ̀kan nìkan.

Ọrọ̀ ajé lè dàgbà kí èéfín sì máa dín kù. Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí kábọ́nì ní 1991, ọrọ̀ ajé wọn sì ń gòkè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ilé iṣẹ́ mànàmáná wọn tó kẹ́yìn tó ń jó èédú ní September 2024. Wọn ò dúró lórí títún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń jó. Owó tí bọ́ìlà bá bá yín fi pamọ́, ohun tí mo máa ń bẹ àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí kò ní jó epo rárá, kó tó di pé wọ́n ná an sórí bọ́ìlà kejì.