Pé ọta wọ inú ìbọn ò sọ pé ó bá ìbọn yẹn mu

Ẹ̀yin ọmọ Alárè, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìbọn àtijọ́ yìí dáadáa, torí ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ń já mi láyà. Tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé báyìí, tí àwọn ìdílé Balógun ń múra ẹṣin, tí ìbọn ẹ̀tù ti ń dún lọ́tùn-ún lósì, ọ̀rọ̀ ìbọn bàbá ńlá á bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan á ní Mark 4, ìbọn ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kan wà nínú yàrá bàbá àwọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹlòmíì á ní àbúrò òun tó wà ní Texas ra Mauser, ìbọn ogun àwọn ará Jámánì ayé Hitler, ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé ẹ̀ pé. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi, ọta wo la máa fi sí i? Ìdáhùn tí wọ́n sì máa ń gbà, lẹ́nu àwọn àgbà tó ti ń yìnbọn tipẹ́ gan-an, ni pé tó bá ti wọlé, tí bọ́ọ̀tì, irin tó ń dí ẹ̀yìn ọta, sì pa dé, ó ti bá a mu nìyẹn.

Irọ́ ni o. Mi ò sọ pé àwọn àgbà yẹn ń purọ́, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ṣakabùlà ni wọ́n ń gbé wá síbí. Ṣakabùlà, ìwọ lò ń wọn ẹ̀tù sí i fúnra ẹ, o lè dín in kù tí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀. Ọta ológun, wọ́n ti di páùdà sínú ẹ̀ ní ilé iṣẹ́, ìwọ ò lè dín nǹkan kan kù, ìbọn náà ló máa gba gbogbo ẹ̀ sára.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Iná á ràn mọ́ páùdà, páùdà á di afẹ́fẹ́ gbígbóná, afẹ́fẹ́ yẹn láá wá ti orí ọta jáde lẹ́nu ìbọn. Fúlkanáísà tó wà ní Lagos Garage ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń fẹ́ táyà ayọ́kẹ́lẹ́ dé nǹkan bíi 32. Lórí òṣùwọ̀n yẹn kan náà, ààlà agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún ọta .303 tí Mark 4 ń jẹ jẹ́ 49,000, ti .308, ọta kan tó jẹ́ ti òde òní, sì jẹ́ 62,000. Gbogbo agbára yẹn ń ṣẹlẹ̀ níwájú ojú ẹni tó gbé ìbọn sí èjìká, bọ́ọ̀tì irin kékeré yẹn nìkan ló wà láàárín òun àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹ̀rí pé wíwọlé ò tó, Mauser ti Jámánì ni kẹ́ ẹ wò. Ọta 7.92 tiwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1888, orí ẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 8.08. Nígbà tó di 1905 wọ́n pààrọ̀ orí ọta yẹn sí èyí tó fẹ̀ tó 8.2, àmọ́ ara idẹ ẹ̀ ò yí padà, bó ṣe rí náà ló wà. Ẹ ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀ báyìí àbí? Ọta 1905 lè wọ inú ìbọn 1888, kí bọ́ọ̀tì pa dé, kí gbogbo ẹ̀ dà bíi pé kò sí nǹkan kan, àmọ́ orí ọta ti tóbi ju ihò tó máa gbà jáde lọ, agbára tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á sì wú kọjá ohun tí irin yẹn lè gbà. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lu lẹ́tà S sára àwọn ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ti tún ihò wọn ṣe. Ìdí yẹn náà ló jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà máa ṣe ọta 7.92 yìí, tí àwọn ń pè ní 8mm Mauser, ní pẹ̀lẹ́ gan-an, 35,000 péré ni ààlà tiwọn, nígbà tí ti Yúróòpù lé ní 56,000. Nítorí náà tí àbúrò yín tó wà ní Texas bá ń ra ọta, kó má kàn wo orúkọ tó wà lára páálí, kó wo ibi tí wọ́n ti ṣe é àti irú orí ọta tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "seven-six-two" yìí náà, ìyẹn 7.62 tí wọ́n fi ń pe ọta, ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Èèyàn á ní ọta seven-six-two lòun ní, bíi pé ẹyọ kan ló wà láyé. Ti AK, ara idẹ ẹ̀ gùn tó mílímítà 39, ti NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, jẹ́ 51, ti Mosin, ìbọn àtijọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, jẹ́ 54, kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ ìyá ara wọn. Mark 4 ò tiẹ̀ sí nínú wọn rárá, .303 ni tiẹ̀, mílímítà 56 ni ara idẹ ẹ̀, ó sì ní ètè yíká ìdí tó ń dì í mú kó má wọlé jù. Orí ọta AK àti orí ọta .303 fẹ̀ bára wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan èèyàn jẹ. Ọta AK kúrú, ó tún tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, kò ní ètè, kò sí nǹkan tó máa dì í mú nínú ihò .303, tó bá fi lè gbaná, idẹ ẹ̀ á fà ya, afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á gba ẹ̀yìn wá bá ojú èèyàn. Kẹ́ ẹ tún wá mọ̀ pé ìbọn kan wà tí wọ́n ṣe ní Ishapore ní Íńdíà, ẹ bá wò ó ẹ ó sọ pé ìbọn .303 ni, àmọ́ 7.62 NATO ni wọ́n ṣe é fún. Ojú lásán ò lè dá irú ẹ̀ mọ̀, ohun tí wọ́n lù sára irin ló máa sọ. Ẹ ka ara ọ̀pá ìbọn, ẹ ka ìdí ọta, tí méjèèjì ò bá sọ ohun kan náà ẹ gbé e sílẹ̀.

Àwọn kan á ní irin àtijọ́ nípọn, ó lágbára ju ti ìsinsìnyí lọ. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Snider, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun wa lójú ogun Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892, kí Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta àwọn òyìnbó, tó borí wọn, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é fún. Òótọ́ ni pé ọ̀pá ẹ̀ nípọn, àmọ́ ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló wà ní ìdí ẹ̀, ẹ̀tù dúdú nìyẹn lè kojú. Ẹni tó bá rọ páùdà òde òní tí kì í rú èéfín sínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń wá ikú fún ara ẹ̀ àti fún ẹni tó dúró tì í.

Kí n sọ ti òfin kí n má gbàgbé. Ní Nàìjíríà níbí, Firearms Act fi ìbọn ológun sí abala kìíní, àṣẹ Ààrẹ nìkan lo fi lè ní in, kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣakabùlà. Tó bá wà nílé bàbá yín, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ wò lóko, ẹ wá lọ́yà, kó bá yín dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní Eléwéran.

Fún ẹni tí òfin gbà fún, tí ọta ẹ̀ sì bá orúkọ ìbọn mu, iṣẹ́ ṣì kù o. Bọ́ọ̀tì yẹn, ṣé ti ìbọn yẹn ni? Nọ́ńbà ara bọ́ọ̀tì àti ti ara ìbọn yẹ kó jẹ́ ọ̀kan, torí àwọn tó ń ta ìbọn àtijọ́ máa ń kó bọ́ọ̀tì ibí pọ̀ mọ́ ti ọ̀hún, tí àyè tó wà lẹ́yìn ọta bá sì ti pọ̀ jù, idẹ á já sí méjì nínú ìbọn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn tó ní géèjì ló lè wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ọta fúnra ẹ̀ náà ńkọ́? Èyí tó ti hu àwọ̀ ewéko, tí ọrùn ẹ̀ sán, tí orí ẹ̀ ń mì tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, kò ṣe é yìn. Dídán idẹ ò tún páùdà inú ẹ̀ ṣe. Sísá a sóòrùn ló burú jù, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa máa ń ṣe é tí òjò bá ti mú kí nǹkan rin, àmọ́ ooru gan-an ló ń ba páùdà jẹ́ lọ́jọ́ tó ti gbó. Ọta tuntun láti ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ yé ra èyí tí ẹnì kan tún rọ nílé ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọta ológun àtijọ́ tún máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn lẹ́yìn tó bá dún, látinú ohun kékeré tó ń gbaná ní ìdí ọta. Iyọ̀ yẹn ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irú afẹ́fẹ́ tiwa níbí ṣe mọ̀, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì ìpẹtà lè ti bẹ̀rẹ̀. Àdín tàbí ọ́ìlì tí àwọn èèyàn ń dà sí i ò lè yọ ọ́, torí òróró kì í yọ́ iyọ̀. Omi gbígbóná ni, ohun tí àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á da omi tó hó gba inú ọ̀pá náà, wọ́n á nù ún gbẹ, ọ́ìlì á wá tẹ̀ lé e.

Tẹ́ ẹ bá fa ìbọn tó kàn ṣe kẹ́ tí kò dún, ẹ má ṣí i. Ẹ kọjú ẹnu ẹ̀ síbi tí èèyàn ò sí, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan gbáko, torí iná lè ṣì ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé kó dún jẹ́jẹ́ tí kò ta èjìká bó ṣe máa ń ta á, torí ó ṣeé ṣe kí orí ọta há sínú ọ̀pá. Ẹ̀yin náà ẹ dúró tó ìṣẹ́jú yẹn, ẹ yọ gbogbo ọta tó kù nínú ẹ̀, ẹ wo inú ọ̀pá náà láti ẹ̀yìn kí ìmọ́lẹ̀ hàn já, tí ìmọ́lẹ̀ ò bá já, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi òmíràn tì í jáde.