Georges Méliès

Georges Méliès (8 Oṣù Kejìlá 1861 – 21 Oṣù Kìn-ín-ní 1938) jẹ́ pidánpidán àti olùdarí fíìmù aláìlóhùn, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ bàtà sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Lọ́dún 1888, ó ra gbọ̀ngàn Robert-Houdin, níbi tí wọ́n ti ń pidán fún èrò ìwòran.

Ó wà lára àwọn tó wòran ní 28 Oṣù Kejìlá 1895 nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière fi fíìmù wọn han aráàlú ní Paris. Ó ní kí wọ́n ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é fún òun, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ló bá lọ ra ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri lọ́wọ́ Robert Paul ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún un tò di kámẹ́rà.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ni dídá kámẹ́rà dúró. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé níbi tí òun ti ń ya gbàgede Place de l'Opéra ní Paris ni kámẹ́rà ti há. Kó tó tún ṣiṣẹ́, ọkọ̀ akérò ti lọ, ọkọ̀ agbókùú ti wà nípò rẹ̀. Nígbà tó wo fíìmù náà, ṣe ni ọ̀kan di èkejì. Nínú Escamotage d'une dame (1896), ó da aṣọ bo òṣèrébìnrin Jehanne d'Alcy lórí àga, ó ṣí i, obìnrin ti pòórá. Wọ́n dá kámẹ́rà dúró ni, òṣèrébìnrin náà dìde lọ, Méliès ò mira, wọ́n sì tún ń yí ọwọ́ kámẹ́rà lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé fíìmù níbi tó ti dúró, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka gígé yìí sí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo idán náà wà.

Nínú Un homme de têtes (1898), ó ń yọ orí ara rẹ̀ sórí tábìlì, òmíràn sì ń hù lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yìn dúdú ló fi ṣe é, torí ibi dúdú kì í hàn lórí fíìmù. Wọ́n ká fíìmù náà padà, wọ́n tún ya àwòrán mìíràn lé e.

Le Voyage dans la Lune (Ìrìn Àjò Sínú Òṣùpá, 1902) ló gbajúmọ̀ jù nínú fíìmù rẹ̀ tó lé ní 500. Àwọn ará Amẹ́ríkà dà á kọ láìsan kọ́bọ̀, ló fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Gaston, lọ sí New York.

Okòwò rẹ̀ wó lulẹ̀. Lọ́dún 1923, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun ojúlówó fíìmù rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ní ibùdókọ̀ ojúurin Montparnasse ní Paris. Àwọn ẹ̀dà fíìmù náà lórí bébà, tí Gaston fi forúkọ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ ní Washington, wà lára ohun tó ṣẹ́ kù.