Omi Ti Òkun Wá, Ìjì Ti Ìlà-Oòrùn Wá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ṣíṣọ́ Òjò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ òjò. Bí òjò bá ṣú, ẹlòmíì a sáré wọlé; èmi a bọ́ síta, fóònù lọ́wọ́, kí n lè wo ibi tó ti ń bọ̀, títí ìkán àkọ́kọ́ á fi bọ́ lé mi lórí. Àwọn ará àdúgbò wa n'Íbàdàn ti mọ̀ mí mọ́ ọn, ìbéèrè wọn kì í sì í tán. Àwọn tó ta kókó jù nínú rẹ̀ ni mo dáhùn síbí.

Wọ́n ní inú òkun ni omi òjò wa ti ń wá, òkun sì wà ní gúúsù. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé apá Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́ ni ìjì òjò ti ń ṣú bọ̀ wá bá wa n'Íbàdàn?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó bá lè bi í ti la ojú sílẹ̀ wo ojú ọ̀run dáadáa. Òótọ́ ni méjèèjì. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ méjì ló wà lórí wa. Ọ̀kan ń fẹ́ lábẹ́, èkejì ń fẹ́ lókè rẹ̀, wọn ò sì kọjú síbì kan náà. Ti ìsàlẹ̀ ń ti orí òkun bọ̀, ó ń gba gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọlé. Òun ló ru ọ̀rinrin tí kì í jẹ́ kí aṣọ tètè gbẹ lórí okùn. Kò nípọn púpọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, bíi kìlómítà kan sí méjì ló fi ga kúrò nílẹ̀. Orí rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ jókòó sí, ọmọ ìyá ọyẹ́ ni. Tí a bá gòkè dé bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin, afẹ́fẹ́ yìí a di odò tó ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a máa sá tó kìlómítà 40 sí 50 ní wákàtí kan. Ooru aṣálẹ̀ Sàhárà lápá àríwá àti ìtutù igbó àti òkun lápá gúúsù ló bí i.

Ìjì òjò tó bá dáńgájíá ga ju afẹ́fẹ́ méjèèjì lọ. Orí rẹ̀ lè kan kìlómítà 15 lókè, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ òkun, àyà rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn. Èyí tó gbá a láyà ló ń tì í lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bó sì ti ń lọ ló ń fi ẹsẹ̀ fa ọ̀rinrin òkun mu.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, ẹ wo àwọn ìkúùkù kéékèèké tó fò nísàlẹ̀, lókè orí yín gan-an. Ẹ ó rí i pé wọ́n ń sá lọ pàdé ìjì náà nígbà tí ìjì ń bọ̀ wá bá yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kíyè sí i, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí.

Níbo gan-an ló ti ń gbéra?

Àwọn kan ń ṣẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, pàápàá lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn tó tò bí ògiri láti àríwá dé gúúsù, tí í gba ìlú mẹ́wàá kọjá lóru ọjọ́ kan, orí òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbéra: òkè Jos, Mambilla, àti àwọn òkè Kamẹrúùnù. Oòrùn ọ̀sán á gbóná sórí òkè wọ̀nyẹn, afẹ́fẹ́ á gòkè, àrá á bẹ̀rẹ̀ sí í sán nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́. Láti Jos dé Ìbàdàn lé ní 600 kìlómítà. Ẹ fi 50 pín in, wákàtí méjìlá ni. Ìjì tó gbéra níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí agbára rẹ̀ kò bá tán lọ́nà, aago mẹ́rin ìdájí ló máa kanlẹ̀kùn wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè sùn tí ìràwọ̀ ń tàn, kí àrá wá jí yín kí àkùkọ tó kọ.

Báwo lo ṣe ń rí i nígbà tó ṣì wà lọ́nà jíjìn?

Sátẹ́láìtì. Meteosat ti àwọn ará Yúróòpù ń wo ilẹ̀ wa láti 36,000 kìlómítà lókè, ibi tó dúró sí sì wà lókè òkun tó wà ní gúúsù Ghana. Ojú tó fi ń wò wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbọnrangandan, ó rí wa ju bó ti rí àwọn tó fi owó wọn gbé e sókè lọ. Ìṣẹ́jú 15-15 ni àwọn èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ fi ń ya àwòrán. Ìran tuntun rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ń yà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì tún ń ka mànàmáná. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lóru, ooru ni sátẹ́láìtì fi ń ríran. Bí orí ìkúùkù bá ti ga tó ni yóò ti tutù tó. Orí ìjì ńlá lè tutù dé 70 dígírì sísàlẹ̀ òdo, nígbà tí àwa tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń làágùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á rí fìlà funfun ràgàjì kan tó bo láti Lọ́kọ́ja dé Oǹdó, wọ́n á rò pé òjò ń rọ̀ ní gbogbo abẹ́ rẹ̀. Rárá o. Èéfín orí ìjì ló kàn tẹ́ rẹrẹ bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Tí etí yẹn bá mú bí ẹnu ọ̀bẹ, ibẹ̀ ni ẹ̀fúùfù àti ọ̀wààrà òjò wà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó lè rọ̀ fún wákàtí méjì. Ẹ ṣàmì ìlú tí etí náà dé, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún ṣàmì. Tó bá wà l'Ákùúrẹ́ ní aago mẹ́fà tó sì dé Iléṣà ní aago méje, tí agbára rẹ̀ kò bá sì tán lọ́nà, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni kí ẹ máa retí rẹ̀ n'Íbàdàn.

Áàpù fóònù mi ní òjò máa rọ̀ ní aago méjì. Ìkán kan ò bọ́.

Ìṣirò kọ̀ǹpútà ni, tí wọ́n ti ṣe kí ìjì náà tó gbéra rárá. Ó lè mọ̀ pé ọjọ́ yẹn yóò ní àrá; mímọ wákàtí àti àdúgbò ló ṣòro fún un. Ẹ wò ó láàárọ̀, lẹ́yìn náà ẹ padà sórí sátẹ́láìtì.

Kí ló dé tí ẹ̀fúùfù fi máa ń ṣáájú òjò?

Àwọn bàbá wa ti rí èyí tipẹ́, wọ́n ní Ọya ló ń ṣáájú ọkọ rẹ̀, Ṣàngó. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Òjò tó ń bọ́ nínú ìjì ń gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ìlà-oòrùn yẹn kọjá. Afẹ́fẹ́ náà a fa lára omi òjò mu, a sì tutù lójijì, bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí. Ohun tó bá tutù a wúwo. Ó máa já wálẹ̀, ó máa kan ilẹ̀, kò sì níbi tó fẹ́ gbà ju kó tẹ́ síwájú lọ. Bó ti ń sá lọ níwájú ni yóò máa gbé afẹ́fẹ́ onírinrin tó bá lọ́nà sókè, òjò tuntun a sì ti ara ìyẹn wá. Ìjì ń fi èémí ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó lè rìn láti Jos dé ọ̀dọ̀ wa láìkú sójú ọ̀nà nìyẹn.

Lágbàlá wa, mo máa ń mọ̀ ọ́n bó bá kù díẹ̀. Gbogbo nǹkan á dákẹ́. Ewé mọ́ńgòrò ò ní mì, ara á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni kọ́tìnnì á kọ́kọ́ fà mọ́ ojú fèrèsé bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á láti ìta, òórùn erùpẹ̀ tútù á gba inú ilé kan kí ìkán òjò kankan tó bọ́ lọ́dọ̀ wa, páànù ilé kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbàgà-gbàgà. Ooru lè já láti 33 dígírì sí 23 kí ènìyàn tó kó aṣọ tán lórí okùn. Tí fóònù yín bá ní ohun tó ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ẹ ó rí i tí nọ́ńbà rẹ̀ ń gòkè, torí afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju gbígbóná lọ.

Ìjì oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló burú jù fún òrùlé. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì pọ̀ lókè nígbà náà, ilẹ̀ sì gbóná, ohun tó ń já wálẹ̀ a máa le. Tó bá fi máa di oṣù keje, ojú ọ̀run ti rin láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ̀fúùfù á sì rọ̀.

Mànàmáná kọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ bó ṣe jìnnà tó?

Ẹ kà láti ìgbà tó kọ títí dìgbà tí àrá máa sán. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Tó bá kéré sí ọgbọ̀n, ẹ ti wà ní sàkání rẹ̀: ẹ wọlé, kí ẹ má sì jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán gbẹ̀yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn ọmọdé kúrò lábẹ́ igi mọ́ńgòrò. Àsìkò tí ẹ̀fúùfù ń gbọn èso sílẹ̀ fún wọn ni àsìkò tí àrá ń wá ohun tó ga jù.

Oṣù kẹjọ ni òjò máa ń sinmi. Kí ló dé tó jẹ́ oṣù kẹjọ ni omíyalé tó tíì burú jù n'Íbàdàn ṣẹlẹ̀?

Èyí pa mí lọ́kàn lára púpọ̀. Omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀ n'Íbàdàn, mílímítà 187.5 láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní 100.

Ìsinmi oṣù kẹjọ jẹ́ òótọ́. Láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun yọ sókè létí ilẹ̀ Ghana àti Côte d'Ivoire, afẹ́fẹ́ tó bá gba orí rẹ̀ wọ ilẹ̀ wa a tutù nísàlẹ̀, kì í sì í fẹ́ gòkè. Àárín òjò gan-an ti ṣí lọ sí òkè Ọya nígbà náà. Nítorí náà ìjì kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ò lọ síbì kankan. Ó kún ojú ọ̀run ju ti oṣù kẹta lọ. Odò afẹ́fẹ́ òkè tó máa ń ti ìjì sí ìwọ̀-oòrùn náà ti bá òjò ṣí lọ sí àríwá. Tí ìjì kan bá wá rí àyè ṣù lọ́dọ̀ wa, omi ń bẹ fún un láti rọ̀, ẹni tó máa tètè tì í kúrò ni ò sí. Ó lè dúró lójú kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ nìyí: ìjì tó ń sáré ló ń ká òrùlé, ìjì tó ń lọ́ra ló ń gbé ilé lọ. Tí ẹ bá wo sátẹ́láìtì tí òjò kan wà lórí Ìbàdàn, tí ẹ padà wò ó lẹ́yìn wákàtí kan tí kò tíì kúrò níbẹ̀, tí òmíràn tún ń ṣẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójú kan náà, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni kó tó kéde. Ẹni tó bá ń gbé létí odò Ògùnpa tàbí Kúdẹtì gbọ́dọ̀ ti wà lórí òkè. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ìdọ̀tí tí a ń dà sódò sì ti bá a dí ọ̀nà tí ì bá gbà lọ.

Mílímítà 187.5? Kò ga tó orúnkún!

Mílímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, lítà omi kan ni. Ẹ mú pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Òjò ọjọ́ yẹn da omi tó lé ní 5,000 kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 sórí pulọ́ọ̀tì náà. Ìbàdàn kún fún òkè, gbogbo pulọ́ọ̀tì orí òkè ló sì ń da tirẹ̀ sórí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀.

Ẹ lè wọn ti àdúgbò yín. Agolo tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà ni kí ẹ gbé sí gbangba, jìnnà sí òrùlé àti igi. Tí òjò bá dá, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀. Mo ní ìwé tí mo ń kọ tèmi sí, déètì àti iye rẹ̀, kò sì sí ìwé tí mo fẹ́ràn jù ú lọ nínú ilé.

Ìyá kan tó ń sá ẹ̀lùbọ́ lẹ́bàá ọ̀nà wa bi mí nígbà òjò àkọ́rọ̀: "Bọ̀dá, òjò ti ṣú. Ṣé kí n kó o ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Apá ibo ló ti ṣú?" Wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà Ifẹ̀. Mo gbójú sókè, ìkúùkù kéékèèké ń sá lọ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó o, èmi náà sì bá wọn di etí àpò kan mú. A ò tíì gbé èkejì wọlé tí tapólì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Lọ́sẹ̀ kejì ó tún ṣú, wọ́n tún ké sí mi. Apá Ìṣẹ́yìn ló wà lọ́tẹ̀ yìí, dúdú kirikiri, àrá ń kù níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, mà. Ó ti kọjá wa."