Níbo Ni Ariwo Ti Wọlé? Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù Inú Orin Tí A Gbà Sílẹ̀ Nílé

Ní Ìkòròdú, láti Sábó dé Ìgbógbò, títí lọ dé Odògúnyán, yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ kò lóǹkà mọ́. Láptọ́ọ̀pù kan, máìkì kan, sound card kékeré (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn láti inú máìkì wọ inú kọ̀ǹpútà), hẹ́dífóònù, fóòmù díẹ̀ lára ògiri, sítúdíò ti dé nìyẹn. Olórin á kọrin tán, wọ́n á gbọ́ ọ padà, ariwo á máa kùn lábẹ́ ohùn, tàbí kí orin máa já, tàbí kí ohùn rì sábẹ́ bíìtì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bi á bọ́ sí FL Studio tàbí Audacity, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba orin, lọ́rùn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá plugin mìíràn, ètò kékeré tó ń tún ohùn ṣe nínú sọ́fítíwíà, kiri.

Ẹ̀bi sọ́fítíwíà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni ohùn ń rìn: láti ẹnu sínú yàrá, sínú máìkì, wáyà, sound card, Windows, kó tó dé inú sọ́fítíwíà, kó tó tún jáde sí etí. Ojúkò kọ̀ọ̀kan ní irú àléébù tirẹ̀, àléébù kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Ẹni tó bá mọ ojúkò tí ariwo ti wọlé, kò ní pẹ́ tó fi máa yanjú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa to plugin lé plugin, orin náà á sì máa burú sí i.

Ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni kí a gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Kí gbogbo ohun èlò wà bí wọ́n ṣe máa wà nígbà tí olórin bá dúró sídìí máìkì, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí a gbà á fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Kí a wá gbé e sókè gan-an, kí a fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ. Ohunkóhun tó bá ń dún nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni yóò wà lábẹ́ gbogbo ohùn tí a bá gbà lọ́jọ́ náà. Bí a bá sì gba ohùn mẹ́jọ léra wọn, a ti gba ariwo náà lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Bó bá ń kùn hùùù láìdáwọ́ dúró, iná mànàmáná ló fà á. Ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná tí a ń lò ní Nàìjíríà máa ń lọ tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí ìkùn náà fi máa ń jókòó sí 50 Hz, tí 100 àti 150 á sì tẹ̀ lé e. Ó sábà máa ń wọlé nígbà tí ṣájà láptọ́ọ̀pù wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tí sípíkà wà lára òmíràn, tàbí tí ilé náà kò ní áàtì (wáyà tó ń gbé iná wọ ilẹ̀) tó dáa. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ yọ ṣájà, kí láptọ́ọ̀pù máa lo bátìrì. Bí ìkùn bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kí gbogbo ohun èlò bọ́ sórí ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, kí wáyà máìkì sì jẹ́ XLR onímú mẹ́ta dípò wáyà jáàkì gígùn tí wọ́n ń tà fún gìtá.

Iṣẹ́ tí wáyà onímú mẹ́ta yẹn ń ṣe dára púpọ̀. Ohùn kan náà ló ń gbé lẹ́ẹ̀mejì, èkíní lójú rẹ̀, èkejì ní ìdojúdé. Ariwo tó bá wọ inú wáyà lójú ọ̀nà á wọ inú méjèèjì bákan náà. Nígbà tó bá dé sound card, wọ́n á yí èkejì padà sójú rẹ̀: ohùn méjèèjì á pàdé, wọ́n á lágbára sí i, ṣùgbọ́n ariwo tó wà nínú èkejì ti dojú dé báyìí, òun àti èyí tó wà nínú èkíní á pa ara wọn rẹ́. Kò sí plugin tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn tí ariwo bá ti di ara ohùn.

Jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ariwo tirẹ̀ ń gbà wọlé, kì í ṣe wáyà, nítorí náà yíyọ ṣájà kò ní paná rẹ̀. Bí a bá fi EQ, ohun tó ń gé tàbí gbé apá kan ohùn sókè, gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 tàbí 100 Hz kúrò lára ohùn olórin, díẹ̀ á lọ, àmọ́ ìyókù ti wọ àárín ohùn gan-an. Ohun tó gbọ́n jù ni kí jẹnẹrétọ̀ sinmi nígbà tí a bá ń gba ohùn. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sound card kékeré ti ń gba iná láti ojú USB, títí kan vọ́ọ̀tì 48 tí máìkì condenser nílò kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni bá sì ń lo ínfátà, kó mọ̀ pé èyí tó ń mú iná pure sine wave (iná tó ń lọ tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́) jáde ni kì í pariwo. Èyí tó dínwó máa ń rán ìró zzzz sínú sípíkà.

Ẹ̀gbin, níbi tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá tí wọ́n kọ́ láti pèsè megawatt 1,320 wà, inú Ìkòròdú níbí náà ni. Síbẹ̀ iná ń lọ, ó ń bọ̀, ibẹ̀ sì ni àléébù kan ti ń wá tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Iná á lọ láàárín iṣẹ́, láptọ́ọ̀pù kò kú, orin ṣì ń lọ, àmọ́ ó ti ń já pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́. Wọ́n á ní sound card ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, Windows fúnra rẹ̀ ló dín agbára ọpọlọ ẹ̀rọ kù kí bátìrì má baà tètè tán, iṣẹ́ wá pọ̀ ju agbára lọ. Kí a wọ inú ètò agbára iná láptọ́ọ̀pù náà, kí a yan High performance fún ìgbà tó bá wà lórí bátìrì pẹ̀lú, ó parí.

Láti mọ ìdí tí orin fi ń já, a ní láti mọ ohun tí buffer jẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í gba ohùn bí odò tó ń ṣàn. Ó ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń kó ìwọ̀n wọ̀nyẹn lọ ní ìdì-ìdì, bí ẹni ń fi korobá pọn omi. Buffer ni bí korobá ṣe tóbi tó. Bó bá jẹ́ 128, ìdì kan kò ju nǹkan bí 3 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bó bá jẹ́ 1024, ó tó 23. Bí ìdì bá kéré, ohùn olórin á tètè padà sí etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní láti yára; bó bá pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan, àlàfo á ṣí, òun ni etí ń gbọ́ bíi pẹ́ẹ́. Bí ìdì bá tóbi, ara á tu ẹ̀rọ, àmọ́ olórin á máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn, á wá máa fa orin sẹ́yìn láì mọ̀. Nígbà tí a bá ń gba ohùn, kí buffer wà ní 128 tàbí 256. Nígbà tí a bá ń po ohùn pọ̀, kí a gbé e lọ sí 1024, kò sẹ́ni tó ń kọrin nígbà yẹn.

Lórí Windows, dírafà, sọ́fítíwíà tó ń so sound card mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣe pàtàkì tó buffer fúnra rẹ̀. Ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì gbé irú dírafà tó ń jẹ́ ASIO jáde, kí sọ́fítíwíà orin lè bá sound card sọ̀rọ̀ tààrà láì kọ́kọ́ gba ọwọ́ Windows. Kí a lo dírafà tí àwọn tó ṣe sound card náà gbé jáde. Dírafà ASIO4ALL wà fún èyí tí kò ní tirẹ̀. Bí ohùn bá ṣì ń pẹ́ lẹ́yìn tí a ti ṣe gbogbo èyí, kí a wo orí master, ìkànnì tí gbogbo ohùn ti ń pàdé. Àwọn limiter kan, plugin tí kì í jẹ́ kí ohùn ga ju ìwọ̀n kan lọ, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dá ohùn dúró díẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Kí a yọ wọ́n títí a ó fi gba ohùn tán. Ọ̀pọ̀ sound card tún ní bọ́tìnnì direct monitor tó ń dá ohùn padà sí hẹ́dífóònù kó tó dé inú kọ̀ǹpútà rárá. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí a pa ohùn náà nínú sọ́fítíwíà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olórin á gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àléébù sample rate, iye ìgbà tí a ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ló máa ń da orí èèyàn rú jù. Pùródúsà á fi bíìtì ránṣẹ́, wọ́n á ṣí i, bíìtì náà á máa wọ́, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwọ̀n 48,000 ni wọ́n fi ṣe é, 44,100 ni wọ́n sì fi ń kà á. Orin ìṣẹ́jú 4 á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 21 gùn sí i, kọ́kọ́rọ́ orin (key) á sì rẹlẹ̀ ní bíi ìdajì ohùn kan (semitone) àti ààbọ̀ rẹ̀. Olórin kò ní mọ̀. Ibi tó bá a ló máa kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí iṣẹ́ náà lórí ẹ̀rọ mìíràn, bíìtì á padà sípò, ohùn olórin á sì ṣì lọ pátápátá. Sọ́fítíwíà tó dáa máa ń yí fáìlì padà fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá kó o wọlé. Ìgbà tí nọ́ńbà inú sound card bá yàtọ̀ sí ti inú iṣẹ́ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Kí nọ́ńbà kan náà wà níbi gbogbo: 44,100 fún orin lásán, 48,000 bí fídíò bá máa wà níbẹ̀.

Iná pupa, tó ń sọ pé ohùn ti ga jù, náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bó bá tàn lójú sound card nígbà tí olórin ń ké, orí ohùn ti gé sọnù, kò sí ohun tó lè dá a padà bó ṣe wà. Kí olórin tún un kọ. Ṣùgbọ́n bó bá tàn lójú ìkànnì (track) kan nínú sọ́fítíwíà òde òní, ohun tó bàjẹ́ kò tíì sí, nítorí ìṣirò 32-bit float tó ń lò nínú ní àyè tó pọ̀. Bí a bá ti dín master kù, ohùn á jáde ní pípé. Kò sídìí tí a fi gbọ́dọ̀ máa ti máìkì sókè títí. Bí a bá ń gba ohùn ní 24-bit, kí ibi tó ga jù nínú rẹ̀ wà láàárín -12 àti -6 dB (dB ni ìwọ̀n gíga ohùn, 0 sì ni òkè pátápátá níbí). Ó lè dà bíi pé ó kéré, ó tó.

Fóòmù ara ògiri kò ṣe tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ohùn tínrín ló ń gbé mì, báàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní yàrá ẹsẹ̀ 10 sí 12, báàsì tó wà ní nǹkan bí 47 àti 56 Hz máa ń rọ́ lu ògiri, á padà, á pàdé ara rẹ̀. Ní ẹ̀bá ògiri á pọ̀ jù, ní àárín yàrá á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹni tó bá jókòó sí àárín yẹn á máa fi báàsì kún un, orin náà á wá máa mi ilé onílé. Mátíràsì tó dúró sí ẹ̀yìn olórin àti aṣọ tó pọ̀ tí a so kọ́ ràn wá lọ́wọ́ ju fóòmù lọ. Kí ẹnu olórin sì jìnnà sí máìkì tó ìwọ̀n ọwọ́ tí a là, torí bó bá ti sún mọ́ ọn jù ni báàsì ohùn rẹ̀ á máa wú.

Ìlù ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ká sọ pé wọ́n fi máìkì méjì gba gángan, ọ̀kan síwájú ojú tí ọ̀pá ń lù, èkejì sí ojú tó wà lẹ́yìn. Bí a bá gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dára. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ìlù náà á fúyẹ́ bíi pé ẹnì kan yọ inú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá bá ti awọ iwájú wọlé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti awọ ẹ̀yìn jáde. Máìkì iwájú rí awọ tó ń sá lọ, ti ẹ̀yìn rí awọ tó ń bọ̀, ohùn méjèèjì wá ń pa ara wọn. Kí a tẹ bọ́tìnnì polarity, èyí tó ń dojú ohùn dé, lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìkànnì méjèèjì. Ara ìlù á padà lójú ẹsẹ̀.

Tí ohùn olórin bá rì sábẹ́ bíìtì, kí a má kàn gbé e sókè. Láàárín 200 sí 500 Hz ni píánò, gìtá, gángan àti àyà ohùn ti ń fún ara wọn mọ́ra. Kí a gé díẹ̀ lára píánò níbẹ̀, ohùn á yọ láì jẹ́ pé a fọwọ́ kàn án. Bákan náà, compressor, tó ń tẹ ohùn tó bá ga jù sílẹ̀, bó bá yára jù á gbé ẹnu ìlù mì, gángan kò ní sọ ohun tó ń sọ mọ́. Kí a jẹ́ kí attack rẹ̀, àsìkò tó fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ́ díẹ̀. Noise gate, tó ń pa ohùn tó bá rẹlẹ̀ jù, bó bá le jù á gé ìparí ọ̀rọ̀ olórin sọnù, irú èyí tó máa ń rọra rẹlẹ̀ lópin ìlà.

Auto-Tune, plugin tó ń tún ohùn olórin tó bá ṣì ṣe, náà nílò sùúrù. Andy Hildebrand, tó ti fi ìgbì ohùn wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló ṣe é, ilé-iṣẹ́ Antares sì gbé e jáde ní 1997. Auto-Tune ń wọn ohùn, á sì fà á lọ sí ohùn tó sún mọ́ ọn jù nínú kọ́kọ́rọ́ tí a yàn fún un. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì, ibi tí kò tọ́ ló máa fà á lọ. Bí ìyára rẹ̀ bá pọ̀ jù, ohùn fújì tàbí àpàlà tó ń yọ̀ láti òkè bọ̀ á di àkàsọ̀, ọ̀rọ̀ tí olórin ń pè kò sì ní yéni dáadáa. Fún irú orin bẹ́ẹ̀, kí ìyára náà rọlẹ̀, tàbí kí a tún ibi tó ṣì nìkan ṣe.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbọ́ orin, sípíkà fóònù kì í sì í gbé báàsì tó jinlẹ̀. Kí a fi fóònù gbọ́ iṣẹ́ náà kó tó jáde, kí a tún fi mono (ohùn ọ̀tún àti òsì di ọ̀kan) gbọ́ ọ. Tí báàsì bá pòórá, kí a fi saturation (ìdàrú ohùn kékeré) díẹ̀ sí i, kí ìlọ́po ohùn rẹ̀ lókè lè jẹ́ kí etí mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí a má ti limiter títí orin á fi máa pariwo: Spotify àti YouTube máa ń dín orin tó bá ti pariwo jù kù sí nǹkan bí -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo sí etí), orin tí a tẹ̀ pa kò ní pariwo ju èkejì lọ, á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Kí òkè rẹ̀ má kọjá -1 dB, torí bí wọ́n bá yí WAV (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀) padà sí fáìlì kékeré, òkè yẹn máa ń ga sí i díẹ̀. WAV 24-bit ni kí a fi pamọ́. MP3 tí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́, inú WAV yẹn ni kí a ti ṣe é.