Ilẹ̀ Pẹrẹsẹ, Afẹ́fẹ́ Líle: Ibi tí Ramūnas Navardauskas àti Àwọn Agunkẹ̀kẹ́ Lituéníà ti Ṣẹ̀ Wá

Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2014, òjò ń rọ̀ lójú ọ̀nà tó wọ ìlú Bergerac ní ilẹ̀ Faransé nígbà tí Ramūnas Navardauskas já ara rẹ̀ gbà kúrò láàárín àwọn agunkẹ̀kẹ́ Tour de France, ìdíje ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n pín sí ìpele ojoojúmọ́, lágbègbè òkè Monbazillac. Ó ku nǹkan bíi kìlómítà 13. Àwọn tó ń lé e ṣubú lu ara wọn lórí ọ̀dà tó tutù, Peter Sagan, gbajúmọ̀ agunkẹ̀kẹ́ ará Slovakia, sì wà lára wọn. Àwọn tó kù ṣì sá a débi pé ìṣẹ́jú-àáyá 7 péré ló fi ṣáájú John Degenkolb ará Jámánì. Kò tíì sí ọmọ Lituéníà, orílẹ̀-èdè kékeré kan létí Òkun Baltic ní Yúróòpù, tó dá gba ìpele kan nínú ìdíje náà rí kó tó dọjọ́ yẹn.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ La Pomme ti ìlú Marseille, níbi tó wà kó tó di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, ló kọ́ ọ ní irú eré bẹ́ẹ̀. N kò bá wọn jiyàn pé Marseille là á lójú, ṣùgbọ́n ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú Šilalė ni wọ́n ti bí i ní 1988, ní ẹkùn Žemaitija, ìwọ̀-oòrùn Lituéníà. Ọ̀rọ̀ wọn tó túmọ̀ sí “rírẹlẹ̀” ni orúkọ ẹkùn náà ti jáde, bí ẹni pé a ń pè é ní Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹkùn mìíràn, Aukštaitija, jẹ́ Ilẹ̀ Òkè. Kí orúkọ kejì yìí má tan ẹnikẹ́ni jẹ: Aukštojas, òkè tó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, kò tó mítà 300. Alátakò lè rán mi létí pé òkè Medvėgalis wà lágbègbè Šilalė gan-an. Mítà 234 ni, agunkẹ̀kẹ́ tó bá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan ti gùn ún tán. Níbi tí òkè gidi kò sí, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ òkè. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn rí ààbò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá wà níwájú ni yóò fi àyà gba gbogbo rẹ̀. Èrò mi ni pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń bí àwọn tó mọ eré àdágùn, ìyẹn kí èèyàn dá gun kẹ̀kẹ́ láìsí ẹni tó ń bá a gba afẹ́fẹ́ níwájú.

Ẹ̀rí tí mo kọ́kọ́ dì mú ni Òlíḿpíìkì Paris ní 1924, ìgbà àkọ́kọ́ tí Lituéníà kópa. Yàtọ̀ sí ikọ̀ bọ́ọ̀lù, tí Switzerland fi góòlù 9 sí òdo lù bí ẹní lu bàrà, agunkẹ̀kẹ́ méjì ni wọ́n kó lọ: Isakas Anolikas àti Juozas Vilpišauskas. Kìlómítà 188 ni wọ́n fẹ́ gùn, oníkálukú ló sì ń dá gbéra tó ń bá aago jà. Àwọn méjèèjì kò parí rẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni ìdí tí orílẹ̀-èdè kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1918 fi ronú kan kẹ̀kẹ́ ṣáájú ìjàkadì tàbí eré sísá. Ní 1923 ni èbúté Klaipėda bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìjọba Jámánì. Ó ṣeé ṣe kí kẹ̀kẹ́ Jámánì ti máa gba ibẹ̀ wọlé tipẹ́, kí àgbẹ̀ àti tíṣà sì ti fi ń la ọ̀nà pẹrẹsẹ kọjá lójú afẹ́fẹ́ Òkun Baltic, láìmọ̀ pé ìdárayá ni àwọn ń ṣe. Anolikas padà sí Òlíḿpíìkì ní 1928. Júù ni, wọ́n sì pa á ní Kaunas ní 1943, lásìkò ìjọba Násì.

Dviratis ni àwọn ará Lituéníà ń pe kẹ̀kẹ́ lédè wọn, èyí tó túmọ̀ sí “ẹlẹ́sẹ̀ méjì”, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń jẹ́ ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ka ẹsẹ̀ rẹ̀; àwa tí a pè é ní kẹ̀kẹ́ ológeere wo bó ṣe ń lọ. Mo rò pé tiwa dùn jù.

Lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì, tí Moscow jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tó wá ń ṣàkóso Lituéníà, orí pápá yíyípo ni eré àdágùn yìí ti dàgbà. Agunkẹ̀kẹ́ méjì á gbéra ní ọ̀kánkán ara wọn, wọn á máa lé ara wọn fún kìlómítà 4, láìsí ẹni tí wọ́n lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Seoul ní 1988, Gintautas Umaras gba wúrà eré yìí, òun àti Artūras Kasputis, ọmọ Klaipėda, sì tún wà nínú ikọ̀ tó gba wúrà ti ẹlẹ́ni mẹ́rin. Àwọn tó ní Moscow ló ṣe gbogbo rẹ̀ gbàgbé pé Moscow kò dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ní 1992 ni Kasputis lọ gba iṣẹ́ owó ní ilẹ̀ Faransé, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Raimondas Rumšas tó gun òkè dé ipò kẹta nínú Tour 2002 ni wọ́n sábà máa ń fi já mi nírọ́. Ẹyọ kan ni. Àwọn obìnrin ló le fún mi láti yanjú, nítorí wọ́n ṣáájú ọkùnrin gan-an: Diana Žiliūtė di olúborí àgbáyé nínú eré ojú pópó ní 1998, Edita Pučinskaitė ní 1999, Rasa Polikevičiūtė ní 2001. Ìparí orúkọ wọn, -ūtė tàbí -aitė, ń fi hàn pé ọmọbìnrin ilé baba wọn ni wọ́n. Bí obìnrin bá wọlé ọkọ, orúkọ náà sábà máa ń yí padà sí -ienė.

Ìyókù kò pẹ́ rárá. Ní 2009, Ignatas Konovalovas gba eré aago tó kẹ́yìn nínú Giro, ìdíje ńlá ti ilẹ̀ Ítálì, ní Róòmù, ìṣẹ́jú-àáyá 1 ló fi ju Bradley Wiggins lọ. Navardauskas gba Liège–Bastogne–Liège, ìdíje kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ti àwọn ọ̀dọ́ ní 2010, ó wọ aṣọ píǹkì Giro, èyí tí ẹni tó ń ṣáájú máa ń wọ̀, fún ọjọ́ méjì ní 2012, ó gba ìpele kan níbẹ̀ ní 2013, ó sì ṣe ipò kẹta lágbàáyé ní Richmond, ní Amẹ́ríkà, ní 2015, kí ọkàn tó ń lù ségesège tó dá a dúró díẹ̀ ní 2017. Ní Panevėžys, ìlú Konovalovas, wọ́n ti ṣí pápá onípákó oní-mítà 250 láti 2008. Wọ́n bo orí rẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọ ibẹ̀.