Jíjìn àti wákàtí tó wà láàárín Changi ní Singapore àti JFK ní New York

Kìlómítà 15,349 ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú Changi ní Singapore àti JFK ní New York, ìyẹn bíi máìlì 9,537, tí wọ́n bá gba ọ̀nà tó kúrú jù wọ̀n ọ́n. Báàlù tí ò ní bà síbì kankan máa ń lo wákàtí 18 ó lé. Ní 9 Oṣù Kọkànlá 2020 ni Singapore Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà yìí, ó sì di fíláìtì èrò tí kì í dúró lọ́nà tó gùn jù lágbàáyé.

Máàpù ló sábà máa ń tan èèyàn jẹ, torí pẹrẹsẹ ló wà lórí ìwé, ayé sì rí róbótó. Ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi orí kan mọ́ Singapore lára glóòbù, ẹ fà á le dé New York, ẹ máa rí i pé ìtòsí ìkángun àríwá ayé gan-an lokùn yẹn gbà kọjá. Changi ò ju dígírì 1.4 lọ sókè ìlà agbedeméjì ayé, JFK wà ní 40.6, tórí náà láti Changi dé ìkángun yẹn jẹ́ dígírì 88.6, kó tún wá sọ̀ kalẹ̀ dé JFK jẹ́ 49.4, àpapọ̀ ẹ̀ 138. Dígírì kan tó bíi kìlómítà 111, ẹ lọ́ ọ po lọ́nà 138, 15,318 lẹ máa bá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ìṣirò yìí sì dùn ún ṣe.

Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni páìlọ́ọ̀tì máa ń gbà. Atẹ́gùn líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní jet stream, láti ìwọ̀-oòrùn ló ti máa ń fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn, ìdí nìyẹn tí báàlù tó ń lọ New York fi sábà máa ń gba orí òkun Pacific, ọ̀nà ibẹ̀ gùn jù lóòótọ́ ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń tì í lẹ́yìn. Látọdún 2022 sì rèé, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ báàlù ni ò gba ojú sánmà Rọ́ṣíà, tí ọ̀nà ìtòsí ìkángun àríwá yẹn gbà kọjá, mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá pín 15,349 sí 900 kìlómítà tí báàlù ńlá ń sá ní wákàtí kan, 17 péré lẹ máa rí, kò sì ka àsìkò tó fi ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra àti èyí tó fi ń dúró de ààyè láti bà.

Báàlù Airbus A350-900ULR ni Singapore Airlines ń lò, epo líta 165,000 ló ń gbà, ìjókòó 161 péré ló wà nínú ẹ̀, kò sí ìjókòó olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní economy rárá.

Láti Oṣù Kẹta sí Oṣù Kọkànlá, wákàtí 12 ni aago Singapore fi ṣáájú ti New York, tó bá kúrò níbẹ̀ á di 13. Ẹni tó bá gbéra ní Changi láago 1 òru ọjọ́ Ajé nígbà tó ṣì jẹ́ 12, tó fò fún wákàtí 18, aago 7 àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn náà ló máa bá ní New York. Tó bá wá kúrò ní JFK láago 10 alẹ́ ọjọ́ Ajé, aago 4 ìdájí Ọjọ́rú ló máa bà sí Singapore, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti tán sójú ọ̀run.