Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Olùdámọ̀ràn Okòwò Wò: Ọ̀ràn Pípín Ló Ṣòro

Àwọn ilé iṣẹ́ olùdámọ̀ràn okòwò bíi McKinsey, Bain àti BCG (Boston Consulting Group) máa ń bi olùwáṣẹ́ léèrè nípa ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ti ṣe rí, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ gbogbo ti ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀ràn okòwò tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ fún un láti tú níwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde gbà pé ìdáhùn kan wà tí àwọn tó yege ti há sórí. Àṣìṣe gbáà ni èyí, nítorí pé ọ̀nà tí olùwáṣẹ́ gbà pín ọ̀ràn náà sí apá-apá ni olùbéèrè ń wò.

Àáfà tó ń pín ogún ní Ìlọrin mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Kì í fọwọ́ kan ilé tàbí ilẹ̀ kí ó tó béèrè bóyá olóògbé jẹ gbèsè, àti bóyá ó fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè àwọn tó wà láàyè. Bí ọkùnrin tó kú bá bímọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó. Bí kò bá bímọ, ó di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó há gbogbo ìpín sórí, tí kò sì béèrè ọmọ, yóò fi ẹ̀tọ́ opó dù ú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olùwáṣẹ́ tó kó ọ̀nà ìpín tó ti há sórí wá ṣe ń kùnà. Nínú ogún, ohun ìní kankan kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù síta, a kò sì gbọdọ̀ pín ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Òfin méjì yìí náà ni Barbara Minto, olùdámọ̀ràn kan, fi lélẹ̀ fún pípín ọ̀ràn ní McKinsey ní àwọn ọdún 1960.

Ká ní ilé búrẹ́dì kan ní Ìlọrin ń jèrè ₦500,000 lóòjọ́ lọ́dún tó kọjá, tí èrè náà sì ti di ₦300,000. Ẹni tó yára yóò ní fùláwà ló wọ́n. Ẹni tó mọ ọ̀ràn pín yóò kọ́kọ́ ya owó tó ń wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára owó tó ń jáde. Búrẹ́dì 2,000 ni wọ́n ń tà ní ₦1,000 tẹ́lẹ̀. 1,800 ni wọ́n ń tà ní ₦1,200 báyìí. Owó tó ń wọlé ti fi ₦160,000 pọ̀ sí i, síbẹ̀ èrè fi ₦200,000 dín kù, nítorí náà ìnáwó ló ti fi ₦360,000 lé. Fùláwà wọ́n lóòótọ́, láti ₦450 sí ₦500 lórí búrẹ́dì kan, ṣùgbọ́n nítorí pé búrẹ́dì tí wọ́n ń ṣe ti dín kù, ₦900,000 náà ni àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́. Owó ọkọ̀ ni ó kù láti wò, ibẹ̀ sì ni ₦100,000 ti di ₦460,000, láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ń gbé búrẹ́dì lọ sí Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán.

Nígbà tí àkókò bá tó láti jábọ̀, ìdáhùn ni yóò ṣáájú, kí ìdí rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí máa ń nira fún ẹni tí a tọ́ láti rọra bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó níṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ nílò rẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìdánwò yìí, àmọ́ ó ní àléébù kan. Olùbéèrè ti ní gbogbo iye náà lọ́wọ́, bí olùwáṣẹ́ bá ṣáà ti béèrè, yóò sọ ọ́ fún un. Lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ìwé akọ̀wé, ẹnu awakọ̀ àti òǹkà ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù kì í bára mu, olùdámọ̀ràn a sì máa lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ kí ó tó ní ohunkóhun láti pín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà kì í fi hàn bóyá olùwáṣẹ́ lè fara balẹ̀ jókòó ti awakọ̀ náà títí yóò fi sọ iye ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣófo padà láti Ọ̀mù-Àrán.